Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì àti Òfin Tó De Pẹ̀lẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń kà mí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí á tó bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ lójú yín, kí lẹ máa ń sọ? Pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé òkúta síbẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ti onítọ̀hún, síbẹ̀ pẹ̀lẹ́ á ti jáde lẹ́nu yín kí ẹ tó mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó jí lọ́jọ́ kan tó ní àṣà yìí ló ń ba ìlú jẹ́. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n ó sì sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi ni. Ikùn rẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun alára tó wọlé, ẹnìkan á gbé àpò tẹ̀lé e, ẹlòmíràn á gbé agboòrùn, kódà bí òòrùn kò bá ràn. Bó bá ń kọjá nínú ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á ta dìde bí ẹni pé àga ń jó wọn nídìí. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ó sì gbọ́ bí orúkọ náà ṣe dé.

Ìjọba rán an lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń gba ẹ̀sùn àwọn ará ìlú. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ra bàtà àti aago bọ̀. Ọ̀gá tiwa, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kó dé. Ó ní Òyìnbó kì í sunkún bẹ́ẹ̀ lásán. Bí nǹkan bá kàn ń dà á láàmú díẹ̀, yóò ní òun ní “concern”. Bó bá le díẹ̀ sí i, ó di “grievance”. Bó bá wọ egungun, ó di “anguish”. Ṣùgbọ́n ọba gbogbo wọn lójú rẹ̀ ni “regret”, nítorí èèyàn lè fi “regret” kẹ́dùn fún ayé àti ọ̀run láì jẹ́ pé òun ló ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà bí ìyàwó tuntun. Ó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó ń sọ ọ́ nínú mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún aládùúgbò pé ó ń sọ ọ́ lójú oorun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ nìyí. Obìnrin kan wá sí ilé iṣẹ́ náà, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ìta. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ sáré gbé e dìde, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Obìnrin náà gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé lókè, òógùn sì bò ó. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi,” ó ní, “ẹni tó bá sọ pé pẹ̀lẹ́ ti jẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ tó bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ṣé ẹ fẹ́ rí ilé iṣẹ́ yìí lẹ́wọ̀n?”

Olúkúlùkù gbìyànjú láti fojú inú wo ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí owó oṣù kò tíì jáde. Akọ̀wé Àgbà ló dìde. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí nílé iṣẹ́ omi ni kí ó máa gbà pé òótọ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì.

Ó ní, “Ọ̀gá, nígbà tí ẹ dárúkọ ‘regret’ yẹn, omi bọ́ sí mi lójú. Mo dì í mú ni, torí ẹ ò tíì pàṣẹ pé kó bọ́.”

Báyìí ni òfin ṣe jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pẹ̀lẹ́ nínú ọgbà ilé iṣẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ sọ “ẹ má bínú”, torí ìkan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí nǹkan bá ṣe, kí wọ́n wí fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé a ti kíyè sí i pẹ̀lú “regret”. Obìnrin tó ń po tíì da omi gbígbóná sọ́wọ́, àwọn ará ọ́fíìsì mẹ́ta tí wọ́n jókòó tì í dojú bolẹ̀ wọ́n sì kíyè sí i pẹ̀lú “regret”. Akáńtáǹtì ilé iṣẹ́ sin bàbá rẹ̀, ó padà dé sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, “regret”, “regret”, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, kí n má purọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, bóyá ì bá ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjàm̀bá rẹ̀ bá dùn mọ́ ara rẹ̀ kì í dúró síbi kan. Ọ̀gá ní gbọ̀ngàn ẹ̀sùn tuntun lòun fẹ́ kọ́. Ó ní, “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí èmi ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀.” Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n lu fèrèsé mẹ́ta sí i. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ “CONCERN” sókè èkínní, “GRIEVANCE” sókè èkejì, “ANGUISH” sókè ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó kọ́kọ́ wọn ìrora rẹ̀ wò, kó mú fèrèsé tó bá a mu, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rò ó. Ẹni tó bá fi èdè ilé rò ó, ilé iṣẹ́ omi kò gbọ́ ọ.

Àwọn oníṣẹ́ páìpù ni wọ́n kun fèrèsé, torí kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà ló ṣe irin ìdìmú gígùn tí àwọn tó wá fẹ̀sùn sùn yóò máa fara tì bí wọ́n bá tò. Irin náà rẹwà, ó ń dán. Àgbà oníṣẹ́ páìpù gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ kan nípa ibi tí irin náà ti wá, Akọ̀wé Àgbà sì bi í pé ṣé “concern” ni àbí “grievance”. Bàbá náà kò mọ̀ ọ́n, ó bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó wá ku Ìyá Agbẹ̀bí. Obìnrin yìí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, ìdajì ọmọ àdúgbò ló sì gba ọwọ́ rẹ̀ wá sáyé. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ òpópónà náà bẹ́, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n yọ èyí tó ti jẹrà, wọ́n ní tuntun ń bọ̀. Tuntun kò dé. Kòtò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi gbẹ táútáú, àwọn aboyún sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá bímọ. Ìyá Agbẹ̀bí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí obìnrin kan bá dé láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí àmù bá gbẹ, ẹ̀rù ọjọ́ náà ni kì í jẹ́ kó sùn.

Ó lọ sí fèrèsé kìíní. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti bímọ sọ́wọ́ Ìyá Agbẹ̀bí. Kí ó tó lanu, Akọ̀wé Àgbà ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi Ìyá Agbẹ̀bí pé báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn ún tó. Ó ní omi ni kò yọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń dùn ún tó. Wọ́n rán an lọ sí fèrèsé kejì. Èkejì dá a padà sí èkínní. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìyà rẹ̀ tó “anguish” lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò tó o. Ọ̀dọ́bìnrin ojú fèrèsé kìíní ń wò ó bó ṣe ń jáde lọ, pẹ̀lẹ́ dúró sí i lọ́fun bí eegun ẹja.

Ìyá Agbẹ̀bí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn lé. Ó lọ bá tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní kó kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì tí ojú ò fi ní tì. Tíṣà kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ó hun gbólóhùn kan fún un tó gùn bí òpópónà, “profound” wà níbẹ̀, “lament” wà níbẹ̀, “unutterable anguish” ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ń kọ́ ọ bó ti ń pọnmi nídìí kànga, ó ń kọ́ ọ bó ti ń se abẹ́ àti àlùmọ́gàjí, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó padà lọ síwájú fèrèsé kẹta, ó di irin ìdìmú mú, ó sì kà á sókè. Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ìgbà náà. Ó dúró gbagidi, ó di àyà mú.

“Ta ló ń sunkún dáadáa báyìí?” ó béèrè.

Ó ní kí ó tún un kà. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ó ní kó tún un kà fún wọn. Nígbà tó dé “unutterable”, Akọ̀wé Àgbà mú áńkáṣíìfù jáde, lọ́tẹ̀ yìí ó ti gba àṣẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá Agbẹ̀bí dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀.

“Omi náà ńkọ́, sà?”

“Omi kẹ̀? Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi ba gbólóhùn yìí jẹ́.”

Ìyá Agbẹ̀bí rán Ọ̀gá létí pé ọmọ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ obìnrin, ìyàwó káfíńtà, ń gbé òpópónà kan náà pẹ̀lú òun, àti pé oyún inú rẹ̀ ti tó ọjọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì dárí ji ọmọ náà pé ó fẹ́ ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń kan ìṣó mọ́gi. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun ti tò, ilé ìwòsàn ńlá àárín ìlú ni yóò bímọ sí, kò ní bímọ síbi tí omi ò ti yọ. Gbogbo wa la mọ ẹni tó yẹ kí ojú tì nígbà tó sọ ìyẹn. Ojú kò tì í. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn ẹ̀sùn, òun sì fẹ́ kí Ìyá Agbẹ̀bí wá ka gbólóhùn rẹ̀ lórí pèpéle.

Ìyá Agbẹ̀bí rò ó wò. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé Mínísítà létí. Ó ní òun á wá.

Ẹ wá wo ọjọ́ náà. Ọkọ̀ agbomi kan já omi kalẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, wọ́n fi fọ àtẹ̀gùn ìta, wọ́n fi bomi rin òdòdó, wọ́n fi ọṣẹ nu irin ìdìmú. Omi inú ike, páálí lórí páálí, wà lẹ́yìn pèpéle fún àwọn àlejò. Nítorí kí ọ̀nà lè rọrùn fún Mínísítà, Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n ti ọ̀nà tó lọ sí àárín ìlú pa, kí ẹyẹ pàápàá má ṣe gbà á kọjá.

Mínísítà dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, aago ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń wò jù. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó kí Mínísítà, ó kí àga tí Mínísítà jókòó lé, ó kí ọ̀nà tó gbé e wá. Ó ṣàlàyé “sorrow”, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára “grief”, ó sì ní kí àwọn èèyàn má ṣe fi “woe” ṣeré rárá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń sùn. Lẹ́yìn náà ló pe Ìyá Agbẹ̀bí gòkè.

Lákòókò kan náà, ọmọ Ọ̀gá ti ń rọbí. Káfíńtà gbé e sínú mọ́tò aládùúgbò, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n bá ọ̀nà ní títì pa. Àwọn ọlọ́pàá ní Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ló pàṣẹ. Káfíńtà ní àna òun ni. Wọ́n ní kó lọ bá àna rẹ̀ sọ ọ́. Ó yí mọ́tò padà, ó gbé ìyàwó lọ sílé ìgbẹ̀bí, ó bá ọmọọṣẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ àti àmù òfìfo. Ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wá sí ilé iṣẹ́ omi.

Ìyá Agbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi “profound” nígbà tí ariwo sọ lẹ́yìn. Káfíńtà ń ké pé ìyàwó òun ń rọbí, níbo ni Ìyá Agbẹ̀bí wà. Ọ̀gá kò rí ojú rẹ̀, torí iná àwọn ayàwòrán ń tàn sí i lójú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

“Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì,” ó ní, “ẹ gbọ́ irú ariwo tí a ń sọ. Kò níwọ̀n, kò lórúkọ. Ẹ mú un lọ síwájú fèrèsé kìíní.”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tì í sáàárín irin ìdìmú. Káfíńtà dójú fèrèsé, ó ń mí hẹlẹ. Ó bi ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé wo ni ti ọmọ bíbí?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó sì di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Ẹ tẹ̀lé mi.”

Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ kẹ́yìn níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò lọ sẹ́wọ̀n.

Ó mú káfíńtà dé iwájú pèpéle. Ìyá Agbẹ̀bí rí ojú rẹ̀, ó já Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀ láàárín méjì, ó kọjú sí Mínísítà.

“Mà, ibi tí mo fẹ́ sọ ọ́ dé nìyí. Obìnrin kan ń rọbí nílé mi, kò sí omi níbẹ̀. Omi ni mo wá gbà.”

Kò dúró gba èsì. Ó gbé páálí omi àwọn àlejò kan lérí, ó sọ̀ kalẹ̀. Mínísítà wo ike omi tó wà níwájú rẹ̀, ó mú un, ó nà án sí ọ̀dọ́bìnrin náà, àwọn yòókù bá ń gbé páálí, akáńtáǹtì gbé, obìnrin tó ń po tíì gbé, wọ́n tẹ̀lé Ìyá Agbẹ̀bí jáde. Ìgbà yìí ni Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì tó rí ojú káfíńtà, tó mọ̀ pé àna òun ni. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, ó yọ̀, ó fi ìdí ka gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ṣòkòtò ya, orúnkún ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀gá jókòó sílẹ̀, ó ń wo ojú kan dé òmíràn. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan, òun náà kò mọ̀ pé òun ń retí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù jẹ́ olófin, wọn kò sọ ọ́. Akọ̀wé Àgbà wo Mínísítà lójú ná, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “a ti kíyè sí i pẹ̀lú ‘regret’.”

Mínísítà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ lé irin ìdìmú kó má bàa yọ̀ bákan náà. Ó bi àgbà oníṣẹ́ páìpù pé níbo ni páìpù tí òun fọwọ́ sí fún òpópónà ẹ̀yìn yẹn wà. Ọwọ́ Mínísítà ni bàbá náà ń wò.

“Òun lẹ dì mú lọ́wọ́ yẹn, mà.”

Mínísítà yọwọ́ kúrò lára irin náà bí ẹni pé ó gbóná. Gbogbo àwọn tó ti wá sunkún àìsí páìpù níbẹ̀, orí páìpù ni wọ́n fara tì sunkún. Ó ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lọ rì í sí ibi tó yẹ. Ó wá sọ fún Ọ̀gá Rìgírẹ́ẹ̀tì pé kó máa sinmi nílé láti ọjọ́ náà lọ. Ó fi “regret” sí i, torí ó gbọ́ pé Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀. Kí Mínísítà tó dé ìdí mọ́tò, Akọ̀wé Àgbà ti ń gbé agboòrùn tẹ̀lé e.

Ọ̀gá tiro lọ sílé ìgbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó gbé àpò fún un. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ti ń ké nínú ilé. Ọmọbìnrin ni, omi àwọn àlejò pàtàkì ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ sì yè. Ìyá Agbẹ̀bí jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó wo orúnkún ọkùnrin náà, ó wo ṣòkòtò tó ya.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó ní. “Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ẹkún lásán ni, kò ní orúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ fèrèsé tó yẹ. Ìyá Agbẹ̀bí jẹ́ kó sun ún tán. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì méjì fún un, ó ní omi inú ike ti tán, aṣọ ọmọ sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì fọ̀, páìpù kò ní dé ilẹ̀ lónìí.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi àná lọ tò nídìí kànga. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀, korobá lórí, ọmọ lẹ́yìn. Bí obìnrin náà ti yí padà láti máa lọ, ó fẹsẹ̀ kọ ẹnu kòtò tí wọn kò tíì dí, omi orí rẹ̀ dà nù tán.

“Pẹ̀lẹ́,” ọkùnrin náà sọ, kó tó mọ̀.

Obìnrin náà ní kò burú, ó padà sẹ́yìn ìlà. Kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ń sọ pẹ̀lẹ́ nílùú yẹn, ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó jẹ́ ìjẹ́wọ́ nìyẹn.